Àwọn Òkúta Tó Kun Osùn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ tòsí bí ẹ bá fẹ́, bí ẹ kò bá sì fẹ́, ẹ jókòó síbi tí ẹ wà, nítorí ohùn mi kò tíì gbó tó orúnkún mi. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wá síhìn-ín kí n lè pa á lẹ́rìn-ín, kó dìde kó máa lọ nísinsìnyí, kó má baà di pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá korò lẹ́nu mi, yóò máa wo ojú sánmà bí ẹni tó sá aṣọ síta. Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, ọmọ Ọdẹ́gbèjà. Mo ti ń gbé ìbọn kọ́ èjìká kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín tó mọ ìrìn, mo ti bá iwin jẹun, mo ti bá ọ̀rọ̀ inú igi jà, mo sì ti rí ohun tó mú kí n gbà pé gbogbo wọn kò burú tó ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ààbọ̀ tó sì dìde lọ ṣe é ní odidi.

Ní ọdún kan, mo yìnbọn fún ìgalà kan, ọta bà á ní itan, ẹ̀jẹ̀ ń ro sílẹ̀ bó ti ń sá lọ, èmi náà sì ń bá ẹ̀jẹ̀ náà lọ, nítorí ọdẹ tó bá fi ẹran tó ti ṣe léṣe sílẹ̀ nínú igbó kó máa jẹ̀rora, ìkà ni, kì í ṣe ọdẹ. Báyìí ni mo ṣe wọ inú Igbó Òkunṣí láìmọ̀. Àwọn baba wa máa ń sọ pé òkun ló ń gbé ibẹ̀ nígbà láéláé, pé ó bá àwọn ará ibẹ̀ jà, ó sì kó ẹrù rẹ̀, ó ṣí lọ. Ẹni tó bá ń fi ìbínú ṣí kúrò nílé kò lè ṣàì gbàgbé nǹkan, nítorí náà ni mo ṣe ń rí ìkarahun lára gbòǹgbò igi, tí mo ń tẹ iyanrìn funfun níbi tó yẹ kí ilẹ̀ dúdú wà, tí atẹ́gùn sì ń fi iyọ̀ sí mi létè.

Iwin kan yọ sí mi lójijì. Ojú rẹ̀ méjèèjì yọ síta lórí ọ̀pá tín-ín-rín bíi ti alákàn, ó sì ń fi ọ̀kan wo ìbọn mi, ó ń fi èkejì wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ènìyàn, kí lo ń wá?"

Mo ní ìgalà ni mo ń tọ ipa rẹ̀.

Ó ní, "Ìgalà rẹ ti kú lábẹ́ igi àràbà, a sì ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dá láti ibi ọ̀gbun àkọ́kọ́. Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọ̀nà ibí ló gbà?"

Mo ní ewé kan ló da inú délẹ̀ níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sílẹ̀, koríko kan ló tẹ̀ tí kò tíì na ara rẹ̀ tán, eṣinṣin sì ń fò ní ibi tí kò sí ìdọ̀tí. Ojú iwin náà méjèèjì yí padà wo ara wọn. Ó ní, "Ẹni tí ọba ń wá nìyí." Kí n tó lè sọ pé kò sí ọba tó wá mi rí láyé mi, ó ti gbá mi mú ní ìbàdí, ó di ààfin.

Ọba tí mo ń wí yìí, Afòkunṣọ̀ṣọ́ lorúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì rò ó. Ó ti gbọ́ pé àwọn olówó láàárín ènìyàn a máa fi dígí kọ́lé fún ẹja sínú pálọ̀, ló bá ní kí wọ́n fi dígí mọ adágún kan fún òun síwájú ààfin, kó ga ju ènìyàn lọ, kó sì gùn tó ojúde, kí àlejò tó bá dé má lè wọlé láìkọ́kọ́ dúró kó yin òun. Ó rán àwọn iwin lọ sí etíkun lọ pọn omi iyọ̀, ó ní kí wọ́n ru òkúta ìsàlẹ̀ òkun wá, wọ́n sì to àwọn òkúta náà sínú omi tuntun yìí. Omi mọ́ gaara, òkúta funfun báláú, ọba ń yọ̀ ṣìnkìn. Kò pẹ́, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí hù lára òkúta, inú ọba sì bàjẹ́.

Ó ní, "Ọlọ́dẹ," báyìí ni gbogbo ìlú náà sì ṣe ń pè mí títí mo fi kúrò níbẹ̀, "wọ́n ní o mọ àmì. Àwọn ìjòyè kan ní kí a ha ara òkúta mi, àwọn kan ní kí a sun ún. Máa sọ fún mi èyí tó dára àti èyí tó burú bí wọ́n bá ṣe ń hù. Bí o bá ṣì í, èmi yóò sọ ìwọ náà di òkúta, a ó sì wo ohun tí yóò hù lára rẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, kí ni ẹ fẹ́ kó gbé inú omi náà?"

Obìnrin kan tó jókòó ti ògiri, tó gbé ìkòkò dúdú lé itan, ló dáhùn. Ó ní, "Ọmọ mi ni, Bàbá Ọlọ́dẹ."

Omídùnní ni obìnrin náà ń jẹ́, òun nìkan ló kù nínú ìran àwọn ará òkun tí òkun gbàgbé sílẹ̀ nígbà tó ń ṣí lọ. Àgbà wọn lè rìn lórí ilẹ̀ bíi tèmi tìrẹ, ṣùgbọ́n ọmọ wọn kò gbọdọ̀ kúrò nínú omi iyọ̀ títí yóò fi hu eyín. Mo bẹjú wo inú ìkòkò. Ọmọ náà wà níbẹ̀, láti orí dé ìdodo ó jẹ́ ènìyàn, láti ìdodo lọ sísàlẹ̀ ó jẹ́ ẹja, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, eyín kò sì tíì sí lẹ́nu rẹ̀. Mo ki ìka bọ omi, ó dì í mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀.

Omídùnní ní, "Omi inú ìkòkò yìí, ìyá mi ló pọn ọ́n kí òkun tó lọ. Ó ti ń gbó jù, ó ti ń kú. Ọba ṣèlérí pé ọmọ mi ni yóò kọ́kọ́ wọ adágún. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e sínú omi tí kò tíì jinná, kò ní rí ọjọ́ kejì. Àwọn ìyá wa mọ àmì tí òkúta fi ń sọ pé omi ti tó ọmọ gbé, èmi ṣì kéré nígbà tí wọ́n lọ, wọn kò kọ́ mi."

Mo bi í pé kí lorúkọ ọmọ náà.

Ó ní, "A kì í sọ ọmọ wa lórúkọ àfi nínú omi tí yóò gbé e dàgbà. Kò tíì ní."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ọjọ́ náà ni mo ti jókòó ti òkúta. Bí a bá fi sùúrù pa eèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Èmi kò mọ orúkọ ohunkóhun tó ń hù nínú òkun, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọba, ṣùgbọ́n ọdẹ kì í kọ́kọ́ béèrè orúkọ, ohun tí ó máa ń béèrè ni pé, kí ni eléyìí ń jẹ, kí ló ń jẹ eléyìí, ta ló ń sá fún un, ta ló ń sá tọ̀ ọ́ lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ hù jẹ́ eruku pupa rúsúrúsú, ó bo òkúta àti iyanrìn mọ́lẹ̀ bí ilé tí a kò gbá. Àwọn ìjòyè ké pé ẹ̀gbin ni, kí wọ́n kó ìgbálẹ̀ wá. Mo fi ìka tọ́ ọ, ó fò lọ bí èéfín. Mo ní, "Ohun tí kò ní gbòǹgbò, ẹ má bá a jà, ẹ má ṣe pààrọ̀ omi, ẹ má ha nǹkan." Nígbà tó yá, ó jẹ ohun tó wá jẹ tán, ó sì lọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irun àwọ̀ ewé hù, ó gùn, ó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ní kí wọ́n lọ kó ìṣáwùrú òkun wá, wọ́n kó wọn dé, àwọn ìṣáwùrú sì gun òkúta, wọ́n ń jẹun lọ láìpariwo. Mo sọ fún ọba pé ibi tí ẹran bá ti ń jẹ̀, ilẹ̀ náà kò burú.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ènìyàn ṣe rí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo ọmọ ọlọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n, tó hùwà òmùgọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ sì ti fẹnu kò pé olè ni, pé ọ̀mùtí ni, pé kò ní ṣe rere, ṣé ẹ mọ̀ bóyá eruku tí yóò fò lọ ni? Ẹ ti fi ìgbálẹ̀ ha ọ̀pọ̀ ọmọ dànù ní ìlú yìí. Mo mọ ilé tí mo ń bá wí.

Lẹ́yìn irun náà ni òdòdó kan yọ lára òkúta, ìka rẹ̀ pọ̀, ó mọ́ rekete, ó ń jó nínú omi. Ọba rí i, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ọlọ́dẹ, èyí dára."

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká wò ó." Edé kékeré kan wá ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá, òdòdó náà na ìka kan sí i, edé gan, òdòdó ká ìka mọ́ ọn, ó gbé e mì. Mo ní, "Èyí gan-an ni kí ẹ yọ kúrò. Olóró ni, bó bá pọ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ kankan gbé ibí." Ọba bínú. Ó ní ẹwà rẹ̀ wu òun, kò sì sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Mo wo Omídùnní, ó wolẹ̀. Ẹni tó ń bẹ ọba fún omi kò lè bá ọba jiyàn lórí òdòdó.

Nígbà tó ṣe, mo rí ohun tí mo ti ń wá láìmọ̀ pé mo ń wá a. Ó bẹ̀rẹ̀ bí àmì tótòtó ní ìdí òkúta kan, ó pupa bí osùn tí a fi omi là. Ó le, kò ṣeé fi èékánná ha. Mo ṣọ́ ọ. Irun àwọ̀ ewé kò lè hù síbi tó bá wà, ìṣáwùrú ń sinmi lórí rẹ̀, edé sì ń wá yé ẹyin sẹ́bàá rẹ̀. Ibi tí ẹran bá fọkàn tán débi pé ó bí ọmọ sí i, ẹ má wulẹ̀ wá ààbò mìíràn lọ. Mo pe Omídùnní, mo ní, "Ìyá Ìkókó, ẹ wá wo òkúta yín, wọ́n ti ń kun osùn bí ìyálọ́mọ. Bó bá bo èyí tó tóbi jù lára, kí ẹ gbé ọmọ bọ̀." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì sunkún. Ó ní, "Osùn ni ìyá mi ń pè é. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí, mo rò pé osùn ara ọmọ ló ń wí."

Ọba dájọ́. Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀ pé ẹni tó bá ṣọ́ omi àkọ́kọ́ fún ọmọ, lówùúrọ̀ tí ọmọ yóò wọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ kúrò létí omi náà títí ọmọ yóò fi dé, ìránṣẹ́ ni yóò jẹ́ iṣẹ́ fún un. Ìránṣẹ́ ọba sì ni Ẹnu-Abẹ́rẹ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, tí kò lè la ẹnu pe ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ kí ẹnu là. Ní ọjọ́ tó gbé oúnjẹ wá fún mi, ó ní, "Obè rèé," mo wò ó títí, n kò mọ ohun tó ń jẹ́ obè, àfìgbà tí mo rí ẹran nínú rẹ̀ tí mo mọ̀ pé ọbẹ̀ ló ń wí. Mo bẹ ọba pé kó fún mi ní ìránṣẹ́ mìíràn. Ọba ní ṣé mi ò mọ̀ pé àbúrò olorì òun ni, ta ni mo fẹ́ kí òun fi iṣẹ́ ààfin fún? Àwọn ará ààfin ti mọ́ ọn lára láti máa fi inú méfò ohun tó bá ń gbìyànjú láti wí, ẹni tó bá sì méfò ire ń rí ire.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, mo dé ibi òkúta, osùn ti bo èyí tó tóbi jù lára, ó pupa, ó ń dán. Inú mi dùn bí ẹni tó bí ọmọ náà. Mo sọ fún Ẹnu-Abẹ́rẹ́ pé, "Lọ sọ fún ọba pé ọlọ́dẹ ti dé ibi òkúta, pupa ti bò ó lára."

Ó sáré lọ. Ó dé iwájú ọba àti gbogbo ìlú tó ti múra ìkómọ, ó ní, "Olóde ti dé ibi òkúta, pupa ti bò ó lára."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ mọ ẹni tí à ń pè ní Olóde. Ẹ mọ àrùn tí a kì í dárúkọ rẹ̀ gan-an lọ́sàn-án gangan, èyí tó máa ń fi pupa sí ènìyàn lára títí yóò fi bò ó. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú, ó ti wọ ìlú náà, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di ahoro, débi pé Olóde pàápàá di orúkọ tí wọn kì í pè mọ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó méfò ire lọ́jọ́ náà. Àwọn kan fi ọwọ́ di etí, àwọn kan ń gbé ọmọ sá, àwọn akọni wọn sì gbé òòlù, wọ́n gbé iná, wọ́n ń bọ̀ ní ojúde.

Mo rò pé ìkómọ ni wọ́n ń sáré bọ̀ wá ṣe, mo ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹni àkọ́kọ́ fi òòlù lu dígí, omi ya. Mo dí wọn lọ́nà, mo ń bi wọ́n pé kí ló dé, ẹnì kan sì fi ìka han òkúta, ó ní, "Ìwọ lo ránṣẹ́ pé Ó ti dé." Ìgbà náà ló yé mi. Mo ké pé, "Ọlọ́dẹ ni mo wí! Ọlọ́dẹ ni mo wí!" Bí mo ṣe ń ké e ni wọ́n túbọ̀ ń di etí, nítorí wọ́n rò pé orúkọ tí a kì í pè ni mo tún ń pè lé wọn lórí. Kò sì sí ẹni tó lè bi mí pé èwo nínú méjèèjì ni mo wí, nítorí ẹni tó bá fẹ́ béèrè yóò ní láti dá a pè lẹ́nu. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rí i tó fọ́.

Wọ́n fa àwọn òkúta náà jáde sínú oòrùn, wọ́n dáná sí wọn lórí, osùn ara wọn sì funfun bí eegun. Òkúta kan ṣoṣo ni ọba ní kí wọ́n fi sílẹ̀, èyí tí òdòdó olóró wà lára rẹ̀. Ó ní àmì pupa kò sí lára tirẹ̀. Ó gbé e sínú àwo omi, ó gbé e lọ sí yàrá. Nígbà tí mo ráyè dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, tí mo pe ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí i létí, ó mọ̀ pé òótọ́ ni mo ń sọ, mo rí i lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pàṣẹ, ìlú ti sáré, dígí ti fọ́. Ó ní, "Bí kì í bá ṣe Ẹnu-Abẹ́rẹ́, ìlú yìí ì bá ti parun. Mo fi í joyè Olùgbàlú. Ìwọ ọlọ́dẹ, máa lọ ilé rẹ, èmi ò ní sọ ọ́ di òkúta." Ó sì pè é ní àánú.

Mo bá Omídùnní níbi tí adágún wà tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ìkòkò wà lórí itan rẹ̀, kò sunkún. Ó ń fi ọwọ́ gbọ́n omi tó kù nínú kòtò ilẹ̀, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Omi inú ìkòkò ti dàrú. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo ki ìka bọ inú omi, ó dì í mú, ṣùgbọ́n agbára kò sí níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Ọlọ́dẹ, ẹ bá mi wò ó, ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tó bá hù. Ohun funfun bí òwú tó wà létí ìrù rẹ̀ yìí, àná ló yọ. Kí ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti rí i lára ẹja ọ̀gọ̀dọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, n kò sì tíì rí èyí tó ní i tó tún yè. Gbogbo ohun tó hù nínú omi ọba, mo sọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Eléyìí nìkan ni mo purọ́ lé lórí. Mo ní, "Ìyá Ìkókó, n kò rí irú rẹ̀ rí."

Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ṣeun." Ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Ọmọ náà kú kí oòrùn tó wọ̀, ìka mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omídùnní ní òun kò lè sin ín pẹ̀lú orúkọ nítorí kò rí omi tí a ó ti sọ ọ́ lórúkọ. Ó gbé ìkòkò lé orí, ó kọjú sí apá ibi tí òkun ṣí lọ, kò sì wẹ̀yìn. Mo ń gbọ́ ìró omi náà nínú ìkòkò títí tí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Bí mo ṣe délé, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ẹ pàdé mi lẹ́nu ibodè, ẹ béèrè ìgalà, mo sì sọ ìdí tí ọwọ́ mi fi ṣófo. Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi bí ẹ bá ní etí. Ohun tó ń hù, ẹ jẹ́ kó hù tán kí ẹ tó ha á. Ọ̀rọ̀ tó bá bà yín lẹ́rù, òun gan-an ni kí ẹ ní kí ẹni tó sọ ọ́ tún sọ, bó ti wù kó jẹ́ èèwọ̀ tó. Ẹ má sì fi ẹni tí kò lè la ẹnu ṣe ìránṣẹ́ nítorí pé ẹ fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní ṣe ọ̀kankan níbẹ̀.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé lọ́jọ́ tí mo dé, tí mo sọ fún yín bí ọmọ náà ṣe di ìka mi mú títí ó fi kú, ọkùnrin kan láàárín yín mi orí, ó kẹ́dùn, ó wá bi mí pé, "Ìdajì tó jẹ́ ẹja yẹn ńkọ́, ṣé ẹ kàn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kò mú un wálé fún ọbẹ̀?" Ó wà lórí ìjókòó pẹ̀lú wa níbí báyìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má sì bi mí.